Ìfikọ́ Wo Ló Yẹ Àkọ̀ Yín? Ọ̀nà Mẹ́rin tí A Fi Ń So Àdá àti Ọ̀bẹ Mọ́ Bẹ́líìtì

Bí ènìyàn bá gbé àdá wá sí ìsọ̀ mi ní Adó pé kí n rán àkọ̀ sí i, ohun tó sábà máa ń bèèrè kò ju mẹ́ta lọ: ṣé dúdú ni awọ náà yóò jẹ́ tàbí pupa, ṣé mo lè tẹ orúkọ òun sí i lára, ọjọ́ wo ni kí òun wá gbà á. Ó ṣọ̀wọ́n kí n rí ẹni tí yóò bèèrè ohun tí àkọ̀ náà yóò fi rọ̀ mọ́ ìbàdí òun. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Àkọ̀ tó rẹwà tí ìfikọ́ rẹ̀ kò bá dáa, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni yóò máa gbé. Olówó rẹ̀ á tún padà sí fífi àpò ìrẹsì wé àdá.

Ìfikọ́ ni mo ń pe awọ tó so àkọ̀ pọ̀ mọ́ bẹ́líìtì. Ẹ pè é ní okùn àkọ̀ bó bá wù yín. Oríṣi mẹ́rin ni mo máa ń rán, kò sì sí èyí tó dára ju èkejì lọ nínú wọn títí tí n ó fi mọ bí ọjọ́ oníbàárà mi ṣe ń lọ. Ẹni tó ń gun ọ̀kadà lọ sóko ní ojoojúmọ́, ohun tó fẹ́ yàtọ̀ sí ti akọpẹ. Ti ọdẹ tó ń lúgọ lóru yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń fi ọ̀bẹ gé okùn àpò gààrí nínú ọjà. Iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe lójúmọ́ ni kí ẹ fi yan ìfikọ́, ẹ má fi ojú ẹwà yàn án.

Awọ náà ńkọ́?

Àwa ará ibí, pọ̀nmọ́ la fi awọ màlúù jẹ. Awọ tí à ń fi ṣiṣẹ́, òkè Ọya ló ti ń wá, Kánò ló sì lórúkọ jù nídìí rẹ̀. Oríṣi méjì lẹ ó bá pàdé. Ọ̀kan ni èyí tí wọ́n fi èso àti èèpo igi ṣe. Èso igi tí àwọn Hausa ń pè ní bagaruwa ni wọ́n máa ń lò, ọ̀nà àtijọ́ sì ni. Èkejì ni èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà chromium ṣe. Ìyẹn kò tíì pẹ́ láyé bí èkínní: ọdún 1884 ni Augustus Schultz gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Ẹ má wulẹ̀ bi ẹni tó ń tà á. Ẹ wo etí ibi tí wọ́n ti gé e. Bí àárín rẹ̀ bá dà bí eérú tó fẹ́ di búlúù, ti kẹ́míkà ni. Bó bá jẹ́ àwọ̀ igi láti ojú dé ẹ̀yìn, ti èso igi ni. Ẹ kán omi sí ti igi, ẹ ó rí i pé ó mu ún, ojú ibẹ̀ á sì ṣú. Ẹ sì ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní "lẹ́dà gidi ni". Lẹ́nu wa níhìn-ín, ọ̀rá tí wọ́n fi di tòmátì fúnni lọ́jà, lẹ́dà ni. Aṣọ oníke tí wọ́n fi bo àga nínú ọkọ̀, lẹ́dà náà ni. Awọ ni kí ẹ ní ẹ fẹ́ rà.

Awọ èso igi, bí ẹ bá rin ín, tí ẹ tẹ̀ ẹ́, bó bá gbẹ tán, bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ ni yóò máa wà. Ti kẹ́míkà kì í gbọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ títí, á padà. Ṣùgbọ́n òjò kì í tètè bà á jẹ́, ó sì máa ń rọ̀. Nítorí náà, ìfikọ́ tó ní láti dúró gírígírí, awọ igi ni mo ń lò fún un. Èyí tó ní láti máa mì, tó ń yí sọ́tùn-ún sósì, ti kẹ́míkà náà ṣe é lò.

Ibi tí a ti gé awọ náà lára màlúù tún ju gbogbo ìyẹn lọ. Ìyà rẹ̀ jẹ mí kí n tó gbọ́n. Àkọ̀ kìíní tí mo rán fún bàbá ìyàwó mi, tó ń dáko kòkó lọ́nà Ìlawẹ̀, awọ ibi ikùn ni mo fi ṣe ìfikọ́ rẹ̀, nítorí pé ó rọ̀, ó sì tètè yí. Nígbà tí mo gbé e fún wọn, ó wuyì. Kí òjò ọdún náà tó dá, ìfikọ́ ti fà tó ìka mẹ́ta, ó ti lọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìdí àkọ̀ wá ń gbá wọn lẹ́yìn ẹsẹ̀ bí wọ́n ṣe ń rìn. Bàbá kò bínú. Wọ́n kàn ní, "Ọmọ mi, àdá tí o bá mi dì yìí ti di ajá. Ẹ̀yìn ẹsẹ̀ mi ló ń tẹ̀ lé."

Awọ ikùn màlúù máa ń fà nítorí pé ikùn fúnra rẹ̀, fífẹ̀ àti sísọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Awọ ẹ̀yìn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gé ìfikọ́ yín lára ẹ̀yìn, kí gígùn rẹ̀ sì tẹ̀ lé eegun ẹ̀yìn màlúù láti ọrùn lọ sí ìdí, ibẹ̀ ni kì í ti í fà. Bí ẹ kò bá mọ ibi tí ẹyọ awọ tí wọ́n gé fún yín ti wá, ẹ di etí rẹ̀ méjèèjì mú kí ẹ fà á lóròó, kí ẹ tún fà á níbùú. Apá tó kọ̀ láti fà ni kí ẹ gé e sí. Kí ó nípọn tó mílímítà 3 sí 3.5. Awọ ewúrẹ́ kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, àyàfi ká fi tẹ́ inú.

Awọ títẹ̀ padà àti ojú méjì: èwo nínú èwo?

Awọ títẹ̀ padà ni gbogbo ayé mọ̀. A fa awọ ẹ̀yìn àkọ̀ gùn sókè, a tẹ̀ ẹ́ padà sẹ́yìn, a rán ẹnu rẹ̀ mọ́lẹ̀, bẹ́líìtì á gba inú rẹ̀ kọjá. Kò sí irin nínú rẹ̀, kò sí ohun tí yóò dípẹtà, kò sì ná ni ní nǹkan kan lẹ́yìn awọ àti òwú. Òun ni mo máa ń rán jù.

Ojú méjì kò ní okùn rárá. Ẹ̀yìn àkọ̀ la gé fẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì, a wá la ojú kan sí apá kọ̀ọ̀kan. Bẹ́líìtì á ti ojú kan wọlé, á gba ẹ̀yìn àkọ̀, á ti ojú kejì jáde. Bí ẹ bá so bẹ́líìtì le, ó ń fa àkọ̀ mọ́ ara bí ìyá tó fi ọ̀já pọn ọmọ. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń rán àpò ìbọn ìléwọ́ ní Amẹ́ríkà ń lo irú rẹ̀, nítorí pé wọn ò fẹ́ kí ìbọn yọ síta lábẹ́ ẹ̀wù. Lọ́dọ̀ tiwa, ṣakabùlà kì í gbé ìbàdí, èjìká la ń gbé e kọ́. Ọ̀bẹ ló bá ìfikọ́ yìí mu níbí.

Báyìí ni mo ṣe ń fi wọ́n wéra. Awọ títẹ̀ padà gba àdá gígùn, ojú méjì kò gbà á. Ọ̀bẹ tí irin rẹ̀ kò ju íǹṣì 6 lọ ni mo máa ń fún ní ojú méjì. Bó bá ti jù bẹ́ẹ̀, awọ tí yóò jẹ á pọ̀, á sì máa gún ènìyàn nítan tó bá jókòó. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ti sísáré, bíbẹ̀rẹ̀ àti gígun nǹkan ni, awọ títẹ̀ padà kò lè bá ojú méjì dọ́gba. Ibi kan ṣoṣo ni ti àkọ́kọ́ ti di bẹ́líìtì mú, nítorí náà àkọ̀ lè máa fì. Ibi méjì ni ti èkejì ti dì í mú. Akọpẹ kan tó ní kí n rán ojú méjì sí ọ̀bẹ òun sọ fún mi pé òun gbàgbé pé ọ̀bẹ wà lára òun títí òun fi dé orí ọ̀pẹ. N kò rò pé ó yẹ kí ènìyàn gbàgbé ọ̀bẹ lára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé mi.

Ẹ jẹ́ ká wọn awọ títẹ̀ padà wò. Ká ní bẹ́líìtì yín fẹ̀ tó mílímítà 38, ìyẹn íǹṣì kan àtààbọ̀, tó sì nípọn tó mílímítà 4. Ẹ fi 3 kún 38 kí bẹ́líìtì lè ráyè wọlé. Ìyẹn jẹ́ 41 lápá iwájú, 41 lápá ẹ̀yìn. Ibi tí awọ ti ṣẹ́po lókè á jẹ bíi 10. Ibi tí ẹ ó rán mọ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní 35. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 127, ẹ kúkú gé 130. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń sọ ni pé, "Ṣe é kó fẹ̀, kó lè gba bẹ́líìtì gbogbo." Ìfikọ́ tó gba bẹ́líìtì gbogbo kò di ìkankan mú. Bẹ́líìtì tí ẹ fẹ́ máa lò ni kí ẹ gbé wá.

Ẹ má tẹ̀ ẹ́ ní gbígbẹ, á sán. Ẹ rin ín, kí ẹ fi ọ̀rá wé bẹ́líìtì náà gan-an (lẹ́dà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan wúlò níbí), kí ẹ tẹ awọ yí i ká, kí ẹ fi pẹ́ẹ̀gì ìsáṣọ mẹ́ta dì í mú títí ilẹ̀ á fi mọ́. Inú ìbòji ni kó ti gbẹ, oòrùn máa ń mú kó gan. Tó bá gbẹ, ẹ rán an ní igun mẹ́rin, kì í ṣe ìlà kan ṣoṣo. Abẹ́rẹ́ méjì, òwú kan tí a ti fi ìda oyin ra: abẹ́rẹ́ méjèèjì á máa gba inú ihò kan náà kọjá, ọ̀kan láti iwájú, ọ̀kan láti ẹ̀yìn. Bí òwú bá já lójú kan, apá kejì ṣì dì í mú. Ti máṣíìnì, bó bá já lójú kan, ó lè máa tú lọ.

Kí ẹ sì rán an kí ẹ tó pa àkọ̀ dé. Bí ẹ bá ti pa á dé, abẹ́rẹ́ kò ní ibi tí yóò gbà. Òwú tó wà nínú ni kí ẹ tún rò, nítorí ibẹ̀ ni ẹnu àdá á máa ha gbà wọlé gbà jáde. Ẹ fi ọ̀bẹ fa ojú ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ kí òwú lè rì sínú awọ, kí ẹ wá fi awọ ewúrẹ́ bò ó. Idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí ti rí àkọ̀ tí òwú rẹ̀ gé rí.

Ti ojú méjì kò gba ìnira tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun méjì wà níbẹ̀. Ẹ má fi ọ̀bẹ la ojú náà láti òpin dé òpin, nítorí igun ni awọ ti ń ya. Ẹ kọ́kọ́ lu ihò róbótó tó tó mílímítà 5 sí òkè àti ìsàlẹ̀, kí ẹ wá la àárín wọn. Kí ojú náà sì jìnnà sí etí awọ tó mílímítà 12, ó kéré tán. Èkejì ni bí ọ̀bẹ yóò ṣe dúró. Bí ojú méjèèjì bá dọ́gba, ọ̀bẹ á dúró ṣánṣán. Bí ti iwájú bá ga ju ti ẹ̀yìn lọ, èèkù á tẹ̀ síwájú, ọwọ́ á sì tètè bà á. Àwọn aránpò-ìbọn sábà máa ń tẹ tiwọn tó dígíríì 15. Tó bá jẹ́ pé sẹ̀ńtímítà 10 ló wà láàárín ojú yín méjèèjì, ẹ gbé ti iwájú sókè ní bíi sẹ̀ńtímítà 2.7, ẹ ti dé ibẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ń lo ọwọ́ òsì, ẹ má gbàgbé láti yí gbogbo rẹ̀ padà. Mo ti gbàgbé rí.

Oníbọ́tìnnì

Ẹ̀bi kan náà ni awọ títẹ̀ padà àti ojú méjì jọ ní: ẹ kò lè yọ àkọ̀ láì tú bẹ́líìtì. Bí ẹ bá ń ti oko bọ̀ tí ẹ fẹ́ yà kí àna yín, ẹ ò ní gbé àdá wọlé, ẹ ò sì ní dúró lẹ́nu ọ̀nà máa tú ṣòkòtò. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn kan fi ń fẹ́ ìfikọ́ tí à ń fi bọ́tìnnì pa dé, èyí tí ẹ ó tẹ̀ tí yóò dún "kó". Ẹ ṣí i, àkọ̀ ti bọ́.

Irin mẹ́rin ló wà nínú bọ́tìnnì kan, méjì lápá òkè, méjì lápá ìsàlẹ̀. Ẹ mú òòfà lọ sọ́jà. Tèmi, ara sípíkà rédíò tó ti kú ni mo ti yọ ọ́. Bí òòfà bá fa bọ́tìnnì náà, irin ni wọ́n kun lóhun tó ń dán, òógùn ìbàdí yín á jẹ ẹ́. Idẹ kì í lẹ̀ mọ́ òòfà. Idẹ máa ń yọ nǹkan àwọ̀ ewé lára awọ igi, ṣùgbọ́n ìyẹn kò burú, àkísà á nù ún kúrò.

Tí ẹ bá bi mí, ọ̀bẹ kékeré, fóònù àti tọ́ọ̀ṣì ni mo lè fọkàn tán bọ́tìnnì fún. Àdá ńkọ́? Rárá. Nínú igbó, ẹ̀ka igi kan á kọ́ ọ, á ṣí. Bó bá jẹ́ dandan, ẹ lo bọ́tìnnì méjì, kí ẹ sì to awọ rẹ̀ kí ìwúwo máa fà á sísàlẹ̀ ní ìbú bọ́tìnnì, kó má máa bó o bí ẹni bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Tàbí kí ẹ lo skúrù alákọ-lábo dípò rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣí fúnra rẹ̀ lójijì, ó kàn máa ń tú díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹ kán pólíìṣì èékánná kan sí ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó dì í.

Olórùka

Nínú èyí, a rán awọ kan mọ́ bẹ́líìtì, a fi irin òrùka sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, àkọ̀ wá rọ̀ sí ara òrùka. Àwọn ará Fílándì ń kọ́ ọ̀bẹ ìbílẹ̀ wọn bẹ́ẹ̀, ó pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ ni ọ̀kadà. Bí ẹ bá gbé awọ títẹ̀ padà jókòó sórí ọ̀kadà, ìdí àkọ̀ á ta sórí àga, èèkù á sì máa gún yín ní ẹ̀gbẹ́ ìhà ní gbogbo gálọ́ọ̀pù. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà oko wa mọ iye gálọ́ọ̀pù tó wà níbẹ̀. Olórùka á yí fúnra rẹ̀, á sùn lé itan yín.

Ohun tó fi dára lórí ọ̀kadà náà ló fi burú nínú igbó. Bí ẹ bá ń sáré, á máa jó. Bí ẹ bá ń gun òkè, ká ní lọ́nà Ẹ̀fọ̀n tàbí lẹ́bàá Olósùnta ní Ìkéré, á máa wọ àárín ẹsẹ̀ yín. Akọpẹ kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn, nítorí àkọ̀ tó ń fì lè kọ́ igbà. Ọdẹ ńkọ́? Irin á máa ta sí irin lóru, ẹran á ti gbọ́ kí ẹ tó rí ojú rẹ̀. Ẹ lè fi awọ tín-ín-rín so ìdí àkọ̀ mọ́ itan, ìyẹn ń ràn án lọ́wọ́. Àmọ́ ẹni tó ń so tó ń tú nígbà gbogbo, kò ní pẹ́ tí yóò fi pa á tì.

Bí ẹ bá yàn án, òrùka tí wọ́n jó ẹnu rẹ̀ pọ̀ ni kí ẹ rà. Wáyà tí wọ́n kàn tẹ̀ á ṣí bí àdá bá wúwo. Onírìísí D dára ju róbótó lọ, nítorí awọ á jókòó pẹlẹbẹ lórí igi rẹ̀ tó tọ́. Kí òrùka fi mílímítà 2 fẹ̀ ju awọ lọ. Awọ tó yí òrùka ká ni kí ẹ ṣe ní ìlọ́po méjì, kí ẹ máa fi ìda oyin pa á. Ibẹ̀ ló ń kọ́kọ́ jẹ. Kí gbogbo ohun tó rọ̀ láti ìsàlẹ̀ bẹ́líìtì dé òrùka má sì ju sẹ̀ńtímítà 10 lọ, kí ọ̀rọ̀ ajá bàbá ìyàwó mi má baà tún ṣẹlẹ̀.

| | Lórí ọ̀kadà | Gígun àti sísáré | Yíyọ kúrò | Àdá ńlá |
|---|---|---|---|---|
| Awọ títẹ̀ padà | ó ń gún ni | ó ń fì díẹ̀ | ẹ tú bẹ́líìtì | ó gbà á dáadáa |
| Ojú méjì | ó dára bí ọ̀bẹ bá kúrú | kò sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ | ẹ tú bẹ́líìtì | rárá |
| Oníbọ́tìnnì | bíi ti àkọ́kọ́ | ẹ ṣọ́ra | wéré | rárá |
| Olórùka | òun ni ọ̀gá | rárá | bí ẹ bá fi ìkọ́ sí òrùka | bẹ́ẹ̀ ni, tí òrùka bá le |

Kí ẹ tó fi ọ̀bẹ kan awọ, ẹ gé gbogbo rẹ̀ ní páálí ná. Páálí Indomie ni mo máa ń lò. Mo máa ń fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́, n ó ti pátákó tó gùn tó àdá bọ inú rẹ̀, n ó sì ní kí oníbàárà wọ̀ ọ́ lọ sí ibi tó máa ń lọ. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n á wọ̀ ọ́. Àgbẹ̀ kan láti Ìgbẹmọ wá, ó ti pinnu pé olórùka ni òun fẹ́, nítorí ọ̀kadà. Mo dì í mọ́ ọn nídìí ní páálí. Ó padà wá ní ọjọ́ kejì, ó ní lórí ọ̀kadà kò sí wàhálà kankan, àmọ́ nínú oko ìrẹsì, ní gbogbo ìgbà tí òun bá bẹ̀rẹ̀, pátákó náà ń ti ẹrẹ̀ bọ̀. Awọ títẹ̀ padà la wá rán fún un, a gbé e sókè kí ẹnu àkọ̀ dọ́gba pẹ̀lú bẹ́líìtì. Bó bá fẹ́ gun ọ̀kadà, ó máa ń ti àkọ̀ náà lọ sẹ́yìn ìdí.